Ìdáhùn fún Màmá nọ́ọ̀sì tó fẹ́ máa lọ kọ́ àwọn ọmọ praimarì kejì ní Ìkọ̀lé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Mo rí ohun tí ẹ kọ pé ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì fẹ́ máa yọjú sí àwọn ọmọ praimarì kejì ní Ìkọ̀lé, kí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ní ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ gbà, kí sì ni kí ẹ gbé dání. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti lẹ́tà tó máa lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sú mi pátápátá.

Káfíńtà ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Hẹdimásítà gbà tayọ̀tayọ̀, ó ní kí n kàn lọ fi tó ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ létí. Kàn, ó ní kàn! Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ wo lẹ́tà, ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí ni káfíńtà fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo padà lọ, ọ̀gá ò sí lọ́fíìsì. Mo tún lọ, ọ̀gá ti lọ ṣèpàdé l'Ádó. Ìgbà tí mo wá bá ọ̀gá, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, kí n lọ kọ òmíràn, kí n so ìwé ẹ̀rí tíṣà mọ́ ọn. Ìwé ẹ̀rí kẹ̀? Ẹni tó ń fi tíṣà jẹun ni TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èmi tí tíṣà kíláàsì fúnra rẹ̀ máa jókòó tì ńkọ́? Akọ̀wé yẹn tún tẹ̀ lé mi jáde, ó ní tí n bá lè "rí wọn", ìwé á tètè jáde. N ò rí ẹnikẹ́ni. Mo padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Ẹsẹ̀ kan ń mì lára rẹ̀, ìṣó kan péré ló fẹ́, ọwọ́ ń yún mi. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn.

Torí náà, ẹ má fúnra yín kọ lẹ́tà. Hẹdimásítà ni kó kọ ọ́, sórí ìwé tó ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́, pé òun ló pè yín. Ẹ̀dà méjì. Kí àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí tiyín lójú yín. Bí wọn ò bá fẹ́ lù ú, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gba lẹ́tà, kí ẹ máa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé níṣojú rẹ̀. Wọ́n á lù ú.

Ọ̀mọ̀wé kan tó wá dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ tún já lu ọ̀rọ̀ mi pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí n máa sọ. Ẹ má dá irú wọn lóhùn. Láti 1970 ni àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimarì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èkìtì tí wọ́n ń sọ nílé ni kí ẹ bá wọn sọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo fún àwọn méjì ní tépù kí wọ́n wọn tábìlì tíṣà. Ọ̀kan pariwo pé 36. Èkejì ní irọ́ ni, 91 ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ojú ínǹṣì lọ̀kan ń wò, ojú sẹ̀ǹtímítà lèkejì ń wò, àwọn méjèèjì ló jàre. Ìyẹn nìkan la fi ọjọ́ náà ṣe, mo ká lẹ́sìn nóòtì mi sápò. Àfi bí ọ̀kan ṣe ṣàwárí pé téèyàn bá jọ̀wọ́ tépù, á sáré wọlé ní fìàà. Ó parí! Gbogbo kíláàsì ló fẹ́ jọ̀wọ́ tépù. Tépù irin sì máa ń gé ọwọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbé tépù lọ.

Ó dáa, ogún ìṣẹ́jú ti tó, Màmá. Ẹ má sọ̀rọ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ọṣẹ, abọ́ méjì, búùtà, àti epo pupa díẹ̀. Ẹ fi epo náà kun àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi lásán fọ̀ ọ́, kí wọ́n fúnra wọn rí i pé kò lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú ọṣẹ jáde. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá omi wà nílé ẹ̀kọ́ náà, pàápàá tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọ́fíìsì tètè dáhùn, ẹ ní ọjọ́ 15 oṣù October lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìfọwọ́ lágbàáyé ni. Wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọ́n máa dúró ya fọ́tò sí.

Tíṣà kíláàsì á fẹ́ yọ́ jáde lọ ra nǹkan níta. Ẹ má gbà, kó jókòó. Ẹ má sì pín bisikíìtì fún àwọn ọmọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, báàgì yín ni wọ́n á máa wò, wọn ò ní wo ojú yín mọ́. Inú báàgì yẹn náà ni kí fóònù yín wà. Tí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ bá yọ lórí Facebook láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ mọ̀, hẹdimásítà tó fọwọ́ sí lẹ́tà yín ni wọ́n máa lọ bá.