Èsì: Ṣé ká sáìnì plea bargain fún ọmọ wa?
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n mú ní Mushin nítorí fóònù yẹn dùn mí gan-an. Ẹ ní lọ́yà ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kí wọ́n lè dín ẹ̀wọ̀n ẹ̀ kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sáìnì nǹkan kan! Ẹ sọ pé ọmọ ọdún 17 ni àmọ́ ọlọ́pàá kọ 19 síwèé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé t'Èkó, ẹni tí ò tíì pé 18 ọmọdé ni, family court, ìyẹn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, ló yẹ kó gbẹ́jọ́ ẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n wo wá ni wọ́n fẹ́ bá a dín kù? Ẹ wá ìwé ọjọ́ìbí ẹ̀ jáde lónìí, tí ò bá sí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ déètì sí, ìwé iléèwé náà, kí lọ́yà kó gbogbo ẹ̀ síwájú adájọ́.

Tó bá ti pé 18 lóòótọ́, òfin Èkó ti 2011 fàyè gba àdéhùn plea bargain yẹn, ṣùgbọ́n inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà, adájọ́ á sì bi í fúnra ẹ̀ bóyá ó yé e, bóyá wọn ò fipá mú un. Tí adájọ́ bá ní ìyà yẹn kéré, ọmọ lè yọwọ́, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ míì.

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá ń kán ọmọ lójú báyìí. Tówó lọ́yà bá ń ni yín lára, ẹ lọ sí OPD (Office of the Public Defender), iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bá àwọn tí ò lówó lọ́yà gba ẹjọ́ wọn rò, wọn kì í gbowó.