Ta ló rán aṣọ tó wà nínú fóònù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lápá Ìgbọ̀nà níbí ní Òṣogbo, mo fẹ́ gba télọ̀ kan kún ara kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé lóṣù kẹjọ torí aṣọ ẹbí máa ń wọlé bí òjò. Gbogbo àwọn tó wá ló ní fọ́tò aṣọ gidi lórí fóònù. Èyí tí mo gbà kẹ́yìn ní òun ti ń ránṣọ tipẹ́, àfi bó ṣe rán kọ́là tó wọ́ sápá kan. Kí ni mo máa fi mọ ẹni tó mọṣẹ́? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni, fọ́tò ò sì sọ ẹni tó rán an, nígbà míì iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ni, nígbà míì Instagram ló ti mú un. Ẹ ra ańkárá, aṣọ tiyín o, ẹ má fi ti oníbàárà dán ẹnikẹ́ni wò, kí gbogbo wọn rán bùláòsì onísíìpù kan náà, ìwọ̀n kan náà, orí máṣíìnì kan náà. Kí wọ́n tó jókòó ni kẹ́ẹ ti kọ ohun tẹ́ẹ máa wò sínú ìwé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ èèyàn kí lẹ máa fún ní máàkì.

Tó bá rán an tán, ẹ yí i sódì. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà: ṣé ó fi àyè sílẹ̀ lójú ìrán kéèyàn lè tú u tí oníbàárà bá sanra si, ṣé òwú abẹ́ ò ta kókó, ṣé ìdí síìpù ò hunjọ. Èmi a tiẹ̀ ti máa wò ó látìgbà tó bá ń gé e, ẹni tó bá tún tépù nà lẹ́ẹ̀kan si kó tó ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, mo ti fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Ti pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Schmidt àti Hunter, àwọn onímọ̀ tó ń wádìí bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́, kó ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣe fún ọdún 85 jọ lọ́dún 1998, wọ́n rí i pé iye ọdún téèyàn ti lò ò fi bẹ́ẹ̀ sọ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ sí, fífún un níṣẹ́ ṣe wà lókè téńté. Nígbà tí Sackett, onímọ̀ bíi tiwọn, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tún un ṣírò ní 2022, bíbi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà lórí iṣẹ́ ló wá borí. Ẹ kúkú ṣe méjèèjì. Ẹ bi wọ́n: aṣọ oníbàárà wo lo gé bàjẹ́ kẹ́yìn, kí lo wá ṣe sí i? Ẹni tó bá ní òun ò gé e bàjẹ́ rí, hmm.

Kẹ́ẹ sì sanwó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn o, tẹ́ẹ bá mú un tẹ́ẹ ò mú un. Àwọn kan á ní "wá ṣe tẹ́sìtì ọ̀sẹ̀ méjì", wọ́n á ti fi rán aṣọ ẹbí odidi ìdílé kan tán, wọ́n á wá ní kó máa lọ, ìyẹn ò da rárá.