Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé ọkọ̀ tí a fín pràímà sí nìkan lè la ìgbà òjò kọjá?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Mo ń tún Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀. Páńẹ́lì-bítà, ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, ti jó páànù tuntun mọ́ gbogbo ibi tí ìpáàrà ti jẹ, ó ti fi bọ́dì fíláà, èyí tí a fi ń dí kòtò ara ọkọ̀, tẹ́ ojú wọn, ó sì fín pràímà aláwọ̀ eérú, èyí tí a ń fín ṣáájú ọ̀dà, sí gbogbo ara ọkọ̀ náà ní oṣù Kejì. Owó ọ̀dà kò tíì sí lọ́wọ́ mi, n kò sì rò pé yóò sí kí ọdún yìí tó parí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí ni mo ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ní kí n máa fi òróró ẹ́ńjìnnì tí a ti lò nù ún kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ní kí n máa fi tapólì bò ó. Ṣé ó lè wà bẹ́ẹ̀ la òjò kọjá? Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀. Ọkọ̀ yín lè la ìgbà òjò yìí kọjá láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú pràímà náà bí ó ṣe wà yẹn, pàápàá bí ìta gbangba ni ọkọ̀ náà ń sùn. Ẹ má ṣe fi òróró kàn án, ẹ má sì fi tapólì bò ó. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni yóò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí kò sí afín-ọ̀dà kankan nítòsí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀dà tí kò kàn dán ni pràímà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe pràímà aláwọ̀ eérú kí ó lè dí ojú ibi tí pépà (pépà oníyanrìn tí a fi ń ha nǹkan) ti ha, kí ó sì rọrùn láti fi pépà ha títí yóò fi jọ̀lọ̀, kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Nítorí èyí ni lẹ́búlẹ́bú bíi táákù fi pọ̀ nínú rẹ̀, oje tó ń so lẹ́búlẹ́bú náà pọ̀ kò sì tó láti dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín wọn. Àlàfo wọ̀nyẹn ni omi ń gbà wọlé. Gbogbo wa ní Kwara la mọ àmù amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Dada, ní Òkèlele ní Ìlọrin níbí: bí ẹ bá pọn omi kún àmù tuntun, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi máa làágùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jò. Bí omi ṣe ń gba ara àmù jáde ni ó ṣe ń gba ara pràímà wọlé. Bọ́dì fíláà tó wà lábẹ́ rẹ̀ tún wá ń fa omi mu, ó sì ń dá a dúró sí ojú kan lórí irin.

Bí omi bá ti dé ara irin, ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àyè tí ìpáàrà ń gbà pọ̀ ju ti irin tí ó jẹ lọ, nítorí náà yóò máa ti pràímà sókè láti abẹ́. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni àmì pupa tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, lẹ́yìn náà ojú ibẹ̀ yóò lé ròrò, lẹ́yìn náà yóò ṣí. Nígbà tí ó bá fi ṣí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ dáadáa.

Òjò tó rọ̀ fún wákàtí kan, tí oòrùn sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, kọ́ ni mo bẹ̀rù jù fún yín, nítorí oòrùn yóò fa púpọ̀ nínú omi náà jáde. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta tí ojú ọ̀run ṣú tí òjò ń kán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, irú èyí tí a máa ń rí ní oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án, ni ó ń ba pràímà jẹ́, àti ìrì tí ń sẹ̀ sí i lóròòru tí ẹnikẹ́ni kò sì kà sí omi.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ irú pràímà tó wà lára ọkọ̀ yín. Ẹ kán omi díẹ̀ sí orí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ojú ibẹ̀ bá dúdú sí i, tí àmì omi náà kò sì tètè lọ lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún, ó ń fa omi nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ aṣọ funfun kékeré kan nínú tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà kí ó lè ṣàn, kí ẹ fi nu ibi tó fara pamọ́, bíi abẹ́ ìdérí búùtù, fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí pràímà bá yọ́ tí ó sì kùn sára aṣọ náà, pràímà tínà lásán tí kò ní hádínà, èròjà tí a ń pò mọ́ ọn kí ó lè le, ni wọ́n fín. Òun ni ó rọrùn jù ní owó, òun náà ni ó ń fa omi jù. Bí aṣọ náà bá mọ́, tàbí tí ohun tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tó ní hádínà ni. Ẹ tún bi páńẹ́lì-bítà yín bóyá ó fín pràímà tó ní ásíìdì sórí páànù tuntun tí ó jó mọ́ ọn. Pràímà yẹn dára fún dídi irin mú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí omi kàn án rárá kí a tó fín nǹkan mìíràn lé e.

Bí ti yín bá jẹ́ èyí tó ní hádínà, ọ̀nà kan wà tí mo fara mọ́ ju gbogbo ọ̀nà lọ: kí ẹ fi ẹpọ́sì dí i. Ẹpọ́sì jẹ́ pràímà oníhádínà tí oje rẹ̀ pọ̀ tó láti dí àlàfo, kò sì gba omi láàyè bí ti aláwọ̀ eérú lásán. Ẹ dúró de ìgbà tí ọkọ̀ ti wà nínú oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ tí ó sì gbẹ délẹ̀, kí wọ́n fi pépà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 240 tàbí 320 ha gbogbo ara rẹ̀ ní gbígbẹ, kí wọ́n nu epo àti ìdọ̀tí kúrò, kí wọ́n sì fín ẹpọ́sì sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ní gbígbẹ nítorí àṣà kan tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wa, kí a máa da omi sí pépà bí a ti ń ha pràímà. Bí pépà bá ti já dé irin níbì kan, omi yẹn nìkan tó láti mú ìpáàrà yọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí owó kò bá tó gbogbo ọkọ̀, ẹ má sọ pé ẹ óò dúró títí yóò fi tó. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ṣe pàtàkì ju bónẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn ń rí lọ: etí òrùlé níbi tí omi ń ṣàn gbà, àyíká rọ́bà gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páànù abẹ́ ilẹ̀kùn tí a ń fẹsẹ̀ gùn wọlé, etí mọ́gáàdì, àti gbogbo ibi tí wọ́n ti fi bọ́dì fíláà sí. Bí ẹ bá fi ẹpọ́sì dí àwọn ibi wọ̀nyí nìkan, ẹ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ náà yóò ní àwọ̀ méjì fún ìgbà díẹ̀, kò sì burú.

Ẹpọ́sì náà ní àléébù tirẹ̀, kò sì yẹ kí n fi pamọ́ fún yín. Oòrùn ń jẹ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ ra á, ẹ óò rí i tí lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun yóò kùn yín lọ́wọ́. Ojú lásán ni èyí. Ohun tó wà lábẹ́ ṣì ń dáàbò bo irin. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín ọ̀dà lé ẹfun yẹn láìfi pépà ha á kúrò, nítorí ọ̀dà yóò dì mọ́ ẹfun, ẹfun kò sì dì mọ́ nǹkan kan.

Bí ó bá wá jẹ́ pràímà tínà lásán ni wọ́n fín sí tiyín, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fín ẹpọ́sì lé e, nítorí ó lè yọ́ ọ nísàlẹ̀ kí ó sì mú un ká jọ bí awọ gbígbẹ. Ẹ lè ní kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì fín ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí òun náà jẹ́ ti tínà lé e, kí ó lè rí nǹkan bora. Kì í ṣe iṣẹ́ àṣeparí, gbogbo rẹ̀ ni a óò sì ha kúrò lọ́jọ́ tí owó bá dé, ṣùgbọ́n ó sàn ju pràímà tó wà níhòòhò lọ nínú òjò.

Ní ti òróró, Tíṣà, mo bẹ̀ yín. Àlàfo tí omi ń gbà wọlé náà ni òróró yóò gbà, kò sì ní jáde mọ́. Lọ́jọ́ tí a bá fín ọ̀dà sí i, ọ̀dà náà yóò máa sá kúrò lójú ibẹ̀, yóò sì fi ihò róbótó-róbótó sílẹ̀ kárí ara ọkọ̀. Ohun kan náà ni wáàsì tí a fi ń mú ara ọkọ̀ dán ń ṣe, àti ohun tí àwọn afọkọ̀ ń fín sí táyà kí ó lè máa dán, nítorí sílíkónì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń bá yín fọ ọkọ̀ pé kó má ṣe lò ó rárá ní gbogbo àkókò yìí. Tapólì ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ àti omi tó ti wà lára ọkọ̀ jáde. Ẹ óò ṣí i ní òwúrọ̀, ẹ óò sì bá omi lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Àtíbàbà onípáànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òpó mẹ́rin lásán. Ẹ má sì fi abẹ́ igi mángòrò tàbí kajú rọ́pò rẹ̀, torí oje igi àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ pràímà gidigidi.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde. Ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wà á jáde sínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn eruku dànù. Kò nílò omi.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ihò kéékèèké wà níbẹ̀ tí omi tó bá gba ara gíláàsì wọlé yẹ kó máa gbà jáde. Bọ́dì fíláà àti pràímà máa ń dí wọn nígbà irú iṣẹ́ yìí, omi á sì jókòó sínú ilẹ̀kùn. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n. Ó lè jẹ́ èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ óò ṣe láìná owó.

Òkúta yóò máa ta sí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ yí i ká kí ẹ wò ó fínnífínní. Níbi tí ẹ bá ti rí irin tàbí àmì pupa, ẹ fi pépà 80 ha á ní gbígbẹ títí irin yóò fi funfun, ẹ bo imú yín bí ẹ ti ń ṣe é nítorí ọ̀dà àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ lè ní òjé nínú, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ẹpọ́sì sí i ní ọjọ́ yẹn gan-an. Kíkùn ni mo sọ, n kò sọ fínfín. Ẹ fi fínfín sílẹ̀ fún ẹni tó ní ìbòmú tó yẹ, nítorí aṣọ tí a fi ń bo imú kò lè dá èéfín hádínà dúró, èéfín náà sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gbogbo èyí. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹnì kan gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá láti Ọ̀fà. Pràímà rẹ̀ ti wà nínú òjò láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá. Ojú rẹ̀ dára, mo sì fi pépà ha á díẹ̀, mo fín ọ̀dà sí i. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi lé ròrò. Nígbà tí mo gbẹ́ ọ̀kan, irin abẹ́ rẹ̀ ti pupa. Mo tún un ṣe láìgba owó, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ìbá fi ṣiṣẹ́, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè fi dá ìyẹn padà fún un.

Ohun kan tún kù tí kò kan irin. Ìwé ọkọ̀ yín ní àwọ̀ ọkọ̀ náà nínú, ọlọ́pàá lè béèrè lójú ọ̀nà ìdí tí ọkọ̀ tí ìwé pè ní funfun fi di aláwọ̀ eérú. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san fún páńẹ́lì-bítà sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá sì pinnu láti yí àwọ̀ náà padà nígbà tí ẹ bá fín ọ̀dà gan-an, ẹ lọ tún ìwé náà ṣe.

Lọ́jọ́ tí owó bá dé, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni dá iye lé iṣẹ́ náà kí ó tó ha ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún dé irin lójú yín, pàápàá níbi tí bọ́dì fíláà wà. Bí irin bá funfun, a lè fín ọ̀dà lé ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti ha á dáadáa. Bí ó bá pupa, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ Ìlọrin lọ́dọ̀ wa ni ẹ fẹ́ gbé e wá, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí eruku bá tilẹ̀ kún ara rẹ̀, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ.