Màmá, ẹ má dúró de òdòdó Seoul: ẹ lọ sí Sandong

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Mà. Ẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta lẹ máa balẹ̀ sí Seoul láti Ìbàdàn, pé láàárín ọjọ́ 20 sí 27, ọmọ yín tó ń kàwé níbẹ̀ fẹ́ mú yín lọ wo òdòdó ní abúlé kan, àmọ́ ẹ ò fẹ́ èrò, orúnkún yín ò sì gba òkè mọ́. Ẹ bi wá pé abúlé wo ló dára. Ọdún keje mi rèé ní Gwangju, ìlú ńlá kan lápá gúúsù Kòríà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí agbègbè abúlé kan ṣoṣo nítorí òdòdó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì rí ohun tí mo bá lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣì í.

Sandong ni mo ń wí, àkójọ abúlé kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gurye, ní ẹsẹ̀ òkè Jirisan lápá gúúsù Kòríà. Òdòdó ibẹ̀ kì í ṣe ṣẹ́rì tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀. Sansuyu ni wọ́n ń pè é. Igi rẹ̀ kì í ga, èèpo ara rẹ̀ a máa bó bí awọ ejò, kí ewé kankan tó yọ lórí rẹ̀ ni òdòdó ti ń tú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé òdòdó wẹ́wẹ́ bí ogún sí ọgbọ̀n ló so pọ̀ sójú kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nà jáde bí irin agbòòrùn tí wọ́n ṣí, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Èso ọdún tó kọjá tó ti gbẹ, tó hunjọ, tó pupa, ṣì lè rọ̀ sáàárín wọn. Láti òkèèrè, àfi bí ẹni pé èéfín aláwọ̀ ìyeyè ń rú láàárín àwọn ilé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, Seoul ló tàn mí. Mo ti gbọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni òdòdó ń tú, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, ti ṣẹ́rì, ní Seoul. Mo dé Sandong lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin, mo bá ewé tútù. Ìyá àgbà kan tó ń tu koríko nínú oko àlùbọ́sà rí mi tí mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn tí mò ń wòkè wòdò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ," ó sì fi ọwọ́ júwe ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra lágbègbè odò Seomjin nìyí: òdòdó maehwa, ìyẹn ti igi plum, ló ń kọ́kọ́ tú, ní ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín oṣù Kẹta, lápá Gwangyang nísàlẹ̀ odò. Sansuyu tẹ̀ lé e, láti àárín oṣù Kẹta dé ìparí rẹ̀. Ṣẹ́rì ló kẹ́yìn, ní ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, lójú ọ̀nà Hwagae tó lọ sí tẹ́ńpìlì Ssanggyesa. Ṣẹ́rì Hwagae rẹwà o, àmọ́ ẹni tí ò fẹ́ èrò kọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Òtútù lè fa gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, ooru sì lè tì í síwájú, nítorí náà kí ọmọ yín máa wo fọ́tò tí àwọn èèyàn gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ náà gan-an, kó má wo ti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ka ọjọ́ yín yẹn, 20 sí 27 oṣù Kẹta, sansuyu ni tiyín.

Lọ́dún kejì, mo bá àsìkò, mo ṣi ọjọ́. Sátidé ni mo lọ, wọ́n sì ń ṣọdún òdòdó lọ́wọ́. Ọkọ̀ tò bí ti márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà Kérésì. Orin ń dún lórí gbohùngbohùn, gbogbo fọ́tò tí mo yà, ìpàkọ́ èèyàn ló kún inú ẹ̀. Níbi tí mo ti ń wá àyè ni mo ti fara ti ògiri kan. Òkúta tí wọ́n kàn tò léra wọn ni ògiri abúlé yẹn, kò sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Òkúta méjì já bọ́ lẹ́yìn mi. Baálé ilé náà jáde, kò bá mi wí, kò tiẹ̀ wò mí lójú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé èyí àkọ́kọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bá ojú ibi tó ń gbé mu, ó gbé èkejì lé e, ó pa dà wọlé. Ìbá kúkú ti bú mi. Nígbà tí ìtìjú yẹn fi máa kúrò lára mi, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ, takisí ló sì gbé mi dé ìlú.

Nítorí náà, Mà, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ yín bá ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kó wá ẹni bẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ sì sun ibẹ̀. Oorun yẹn ni mi ò sùn lọ́dún méjèèjì àkọ́kọ́. Àwọn tó bá ọkọ̀ ńlá wá kì í dé kó tó di bí aago mẹ́wàá, bí ọ̀sán bá sì ti rọ̀, wọ́n ti ń pa dà. Ẹni tó bá jí níbẹ̀ ló ni àárọ̀.

Minbak ni wọ́n ń pe ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò sùn. Ilẹ̀ lẹ máa sùn sí, lórí ẹní tó nípọn, àmọ́ ilẹ̀ náà gbóná lábẹ́ yín bí ẹni pé wọ́n dáná sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Orúnkún yín á dúpẹ́ lóru, ìdìde láàárọ̀ ló máa ni yín lára. Bí ẹ ò bá lè dìde láti ilẹ̀, kí ọmọ yín béèrè yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kó tó sanwó. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà o. Ẹ sì kó aṣọ òtútù dání, ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárọ̀ ibẹ̀. Kkotsaem ni wọ́n ń pe òtútù àsìkò yẹn, ìyẹn ni pé òtútù ń jowú òdòdó.

Lọ́dún kẹta, lálẹ́ ọjọ́ tí mo sun ibẹ̀, ìyá onílé bu omi gbígbóná tí wọ́n se èso sansuyu sí fún mi. Ó kan, ó sì ń fa ẹnu pọ̀ bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Ó ní ní ayé ìgbà tòun, eyín làwọn ọmọbìnrin fi ń yọ kóró inú rẹ̀ kí wọ́n tó sá a, títí eyín iwájú á fi jẹ. Ó fi ìka gbé ètè rẹ̀ sókè, ó fi eyín hàn mí. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Wọ́n ń pe igi náà ní igi yunifásítì, torí owó èso rẹ̀ ni wọ́n fi rán ọmọ lọ síbẹ̀. Kò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Owó kòkó ni wọ́n fi rán bàbá mi níléèwé l'Óǹdó. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti fọwọ́ kan ẹ̀ka igi wọn mọ́, torí òdòdó tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa dèso tí wọ́n máa ká nígbà tí òtútù bá ń bẹ̀rẹ̀.

Ti ọ̀nà: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin KTX ní ibùdókọ̀ Yongsan ní Seoul, ẹ sọ̀ ní Guryegu, bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kórúkọ yẹn tàn yín, ibùdókọ̀ náà kò sí nínú Gurye, ilẹ̀ Suncheon ló wà, lódìkejì odò. Ẹ wọkọ̀ dé ìlú Gurye, ibẹ̀ lẹ ti máa rí bọ́ọ̀sì Sandong. Google Maps lè dá yín dúró sójú ọ̀nà, Naver Map tàbí KakaoMap ni kí ọmọ yín lò. Bí ẹ bá bọ́ sí ọjọ́ 23, ẹ dúró jẹun ní Gurye, ọjọ́ tó bá parí sí 3 àti 8 ni wọ́n ń nájà. Ẹ béèrè ọbẹ̀ dasulgi, ìgbín odò kéékèèké ni, omi ẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, wọ́n sì máa ń ya ìyẹ̀fun pípò sínú ẹ̀. Kò ta lẹ́nu rárá, ẹ mú ata yín dání.

Ní Sandong, abúlé tó wà lókè pátápátá ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, Sangwi lorúkọ ẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì gun. Ẹ fi sílẹ̀. Hyeoncheon ni kẹ́ ẹ lọ. Adágún omi kékeré kan wà níwájú abúlé náà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, òrùlé ilé, ògiri òkúta àti gbogbo òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yẹn ló máa hàn nínú omi lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìdoríkodò. Ẹ ò ní gun nǹkan kan kẹ́ ẹ tó rí i. Aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀, èmi àti ajá kan, pẹ̀lú bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù lọ, tí kò tiẹ̀ wo òdòdó. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi gun orí omi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jókòó.