Kí o tó ra ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù àkọ́kọ́

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O fẹ́ mọ èyí tí o máa kọ́kọ́ rà nínú Colt 1851 Navy tí ara rẹ̀ jẹ́ idẹ àti Remington 1858 tí tirẹ̀ jẹ́ irin, ìbọn ayé ìjọ́un tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà wọn lóde òní, ní Ìlú Ọba níbí, àti bóyá o lè gbé e dé Ìbàdàn kí bàbá rẹ tó jẹ́ ọdẹ fojú kàn án. Má tíì náwó. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló ṣáájú, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ọ̀rọ̀ ìbọn sú mi pátápátá.

Àwọn kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní ìbọn àtijọ́ ni, kò gba ìwé. Irọ́ ni! Ojúlówó ti ayé ìjọ́un tí o kàn gbé kọ́ ara ògiri, òfin gbà á láyè. Ẹ̀dà tuntun tí iléeṣẹ́ Uberti tàbí Pietta rọ ní agbègbè Brescia ní Ítálì, bó ti wù kó jọ ọ́ tó, ìbọn gidi ni lójú òfin. Láìníwèé, ẹ̀wọ̀n ló kù.

Èmi ti wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí, mo ti lo oṣù ìdánwò mi pé (kì í dín ní 3), mo kọ fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní àwọn ń retí lẹ́tà dókítà. Akọ̀wé dókítà ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Ọlọ́pàá ní kò dé. Mo padà lọ, akọ̀wé ní kí n tún san owó mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń gbá mi síra wọn bíi bọ́ọ̀lù nìyẹn. Nígbà tí ẹni tí wọ́n rán wá wo ilé mi tilẹ̀ dé, ó mu tíì mi tán, ó ní ṣebí ìjọba ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ láti 1997. Èmi ni mo ṣí òfin náà fún un: èyí tí a ń ti iwájú ki ẹ̀tù àti ọta sí, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo àwòrán, ó ní, "Ṣùgbọ́n sílíńdà rẹ̀ ń yí." Ó ń yí nítòótọ́! Mo ní iwájú ihò kọ̀ọ̀kan nínú sílíńdà náà, agolo tó ń gba ọta, la ti ń ki í, ẹ̀yìn ò ní ju ṣóńṣó kékeré tí a ń fi káàpù bàbà, fìlà kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mi àpótí irin tí mo fẹ́ máa ti ìbọn mọ́ jìgìjìgì, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ. Mo tún dúró títí ọrùn mi fi gùn. Ọ̀gá ni wọ́n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ̀tù náà ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú àpótí onígi lo máa tọ́jú rẹ̀ sí. Kíkì àti fífọ̀, wọ́n á kọ́ ọ ní ẹgbẹ́: omi gbígbóná àti ọṣẹ, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí o bá rí PN (Polvere Nera, "ẹ̀tù dúdú" lédè Ítálì) lára irin, ẹ̀tù dúdú nìkan ló ń wí.

Ìwọ̀n ẹnu ìbọn wà nínú ìwé àṣẹ, nítorí náà béèrè .36 àti .44 (ìdá ínǹṣì ni) pa pọ̀, kí o má baà tún padà sọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì fi 1851 Navy oní-.44 lọ̀ ọ́, Colt kò ṣe irú rẹ̀ rí; .36 ni tirẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n rọ ní Pimlico ní London láti 1853.

Onídẹ ńkọ́? Ó ń dán, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí o bá ń ki ẹ̀tù púpọ̀ sí i, eyín ẹ̀yìn sílíńdà á tẹ àpá yípo sára idẹ náà, ìbọn á sì máa mì. Ra Remington. Irin bò ó lórí, sílíńdà rẹ̀ sì rọrùn láti yọ.

Ìbàdàn kẹ̀? Má dán an wò! Òfin Nàìjíríà fún ṣakabùlà bàbá rẹ ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, títí kan oníkáàpù, wà lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Fídíò ni kí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ.