Má gba Bradford mú Màmá lọ sí Saltaire

Àbúrò mi, bí o ṣe sọ pé ọdún kejì rẹ nìyí ní yunifásítì ní Manchester, mo gbà pé mo lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀. O ní Màmá rẹ ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, pé aládìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú, o sì fẹ́ mú wọn lọ wo Saltaire, ìlú kékeré tí wọ́n kọ́ yí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ká nítòsí Bradford. O béèrè bóyá ọjọ́ kan tó, àti bóyá Màmá yóò rí ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń ṣiṣẹ́. Mo mú Màmá tèmi lọ síbẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 73. Ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló wà láàárín ìlú Bradford, wọn kò sì so mọ́ra. Ọkọ̀ tó bá ti Manchester Victoria gba Rochdale àti Halifax wá, Interchange ló ń já èrò sí. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Saltaire, Forster Square ló ti ń gbéra. Kò sí ojú irin láàárín méjèèjì. Ẹsẹ̀ lo máa fi la àárín ìlú kọjá. Kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibi tí a bá ti sọ̀ náà la ti máa wọ ọkọ̀ kejì?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé Bradford ni Bradford. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un pé kó mọ̀ nìyẹn o.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Wọ́n ń tún ojú irin ṣe lápá kan, wọ́n wá kó wa sínú bọ́ọ̀sì láàárín ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì yẹn yí kiri abúlé títí, nígbà tí a fi máa dé Bradford, ọkọ̀ tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì wa ti lọ láti bí ogójì ìṣẹ́jú. Òjò ń rọ̀, kì í ṣe òjò ńlá, àmọ́ èyí tí kì í dá, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí èèyàn lójú. Bàtà tí Màmá máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí mo ti sọ fún wọn pé a kò ní rìn. Wọ́n gbé ọwọ́ kan lé mi léjìká, wọ́n fi èkejì di orúnkún mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì pa kí wọ́n lè mí. Gèlè àdìrẹ tuntun tí wọ́n wé ti gbomi, aró rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ létí wọn, ó gba ọrùn wọ inú kọ́là búláòsì funfun. Mo ń fi áńkáṣíìfù nù ún, ó ń ràn sí i. Wọn kò ráhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé wọn kò ráhùn rárá.

Nígbà tí a rí ọkọ̀ wọ̀, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní tiwa ti kú, pé kí n san òmíràn fún èèyàn méjì. Mo ṣàlàyé pé bọ́ọ̀sì tiwọn fúnra wọn ló dá wa dúró. Ó ní ìyẹn kò kan òun. Màmá ń gbọ̀n, wọ́n ní, "Fún un, jẹ́ ká lọ." Mo san án. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà á pé bí wọ́n bá pẹ́ tí o fi pàdánù ọkọ̀ tó kàn, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lo máa fi wọ èyí tó bá tẹ̀lé e, o kò ní san kọ́bọ̀ lé e. Mo kọ̀wé, wọn kò dáhùn. Mo tún kọ, wọ́n ní kí n fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ keje ni owó yẹn tó padà. Nítorí náà, ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì kí o tó kúrò nílé, kọ àkókò tí ẹ dé sílẹ̀, bí wọ́n bá sì dá yín dúró, béèrè owó ìdápadà kí ọjọ́ 28 tó pé.

Leeds ni kí o gbà. Manchester sí Leeds, kí ẹ wọ ọkọ̀ Skipton níbẹ̀, kí ẹ sọ̀ ní Saltaire. Èyí tó ń lọ Carlisle kì í dúró níbẹ̀, ṣọ́ra fún un. Má lọ ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀yí kò sí nínú ìbéèrè rẹ, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí Màmá bá ti pé ẹni 60, wọ́n lè ra káàdì ojú irin ti àwọn àgbà, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀. Pásípọ́ọ̀tù wọn tó láti fi ra á, àlejò náà lè rà á. Ti bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yàtọ̀, ti àwọn tó ń gbé ibí ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì bá ní òun máa yá Màmá ní tòun, má gbà á. Wàhálà lè ti ibẹ̀ jáde fún gbogbo yín.

Ó dáa, Saltaire fúnra rẹ̀. Titus Salt, oníṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Bradford, ló kọ́ ọ. Èéfín àti àrùn kọ́lẹ́rà ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ní Bradford nígbà náà, ó wá kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí etí odò Aire. Ọjọ́ tó pé ẹni 50 ọdún, ní 20 September 1853, ló ṣí ilé iṣẹ́ náà. Ó kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó, àmọ́ kò gbà kí wọ́n ṣí ilé ọtí. Orúkọ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi sọ àwọn títì: Caroline, Ada, Helen, Fanny, Amelia. Mo ń ka ìwọ̀nyí fún Màmá bí a ṣe ń kọjá. Wọ́n dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé òkúta ògiri ilé kan, wọ́n ní, "Èwo ni títì àwọn tó hun aṣọ?" N kò rí èsì fún wọn, mo sì ń rò ó títí di òní.

Ẹ̀rọ 1,200 ló ń hunṣọ níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Kò sí ìkankan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1986, oníṣòwò kan, Jonathan Silver, rà á lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sọ ọ́ di ibi àwòrán ayàwòrán David Hockney, ilé ìtàwé àti ilé oúnjẹ. Ó lẹ́wà, àmọ́ ariwo ẹ̀rọ tí Màmá rẹ fẹ́ gbọ́, wọn kò ní gbọ́ ọ. Sọ fún wọn ṣáájú kí ọkàn wọn má bàjẹ́.

Ohun mìíràn tí kò sí ẹni tó sọ fún mi ni pé irun àgùntàn àti irun ẹranko alpaca láti Peru ni iṣẹ́ ìhunṣọ Saltaire dá lé, kì í ṣe òwú. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá ìyá yín ń kó sínú ìkòkò aró ní Ìtòkú, apá Lancashire níhìn-ín lọ́dọ̀ rẹ ló ti ń wá. Kódà láti àwọn ọdún 1850 ni Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, ti ń ra òwú láti Abẹ́òkúta. Tí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ni Màmá fẹ́ fojú rí, Queen Street Mill ní Burnley ló yẹ wọ́n. 1894 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí ló wà níbẹ̀, aṣọ òwú ni wọ́n sì ń hun. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, wo ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ dúró lápá Bradford, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Moorside Mills ní Eccleshill, ẹ̀rọ ti irun àgùntàn wà níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ kan: ó tó. Ìdajì ọjọ́ gan-an tó fún Saltaire. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni pé Victoria Road ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè lọ sí odò. Lílọ rọrùn, bíbọ̀ ló le. Gbé ìrẹsì àti ata yín dání, kí Màmá jókòó ní Roberts Park lódì kejì odò títí ẹsẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí ẹ tó máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí o bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kọ ọ́ síbí. Màá bá ọ wo àkókò ọkọ̀, àti bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe lọ́jọ́ náà.