Ẹ Bi Wá Léèrè: Ibo Ni Dísù Mi Ń Wọlé Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní ẹ́ńjìnì dísù 8 HP tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Kábà níbí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 jókòó ṣírò ẹ̀ fún mi, ó ní HP 1 (òṣùwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì) jẹ́ wáàtì 746, pé lítà dísù 1 sì ní ooru bíi mégájùùlù 36 nínú (jùùlù ni òṣùwọ̀n ooru àti iṣẹ́, mégájùùlù 1 jẹ́ mílíọ̀nù 1 ẹ̀), torí náà lítà 1 yẹ kó gbé ẹ́ńjìnì mi ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, lítà 2 ló ń jẹ ní wákàtí 1! Ṣé ọmọ yìí ló ṣì í ṣírò ni àbí onídísù mi ló ń bomi là á? (Ìyá Ẹlẹ́ńjìnì, Kábà)

ÌDÁHÙN: Màmá, okun o. Ẹ má tíì lọ bá onídísù jà. Ọmọ yín gbà á dáadáa. 8 lọ́nà 746 jẹ́ wáàtì 5,968, wáàtì 1 sì ni jùùlù 1 ní sẹ́kọ́ńdì kan, sẹ́kọ́ńdì 3,600 ló wà nínú wákàtí, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ ẹ ó rí nǹkan bíi mégájùùlù 21.5. Ibi tó kù sí ni pé ó rò pé gbogbo ooru inú dísù ló máa di agbára tó ń yí bẹ́líìtì.

Ẹni tó jẹ́ ká rí iye tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàrin iṣẹ́ àti ooru ni James Joule, ará Salford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé tó ń pọn bíà ni wọ́n bí i sí. Láàrin ọdún 1840 sí 1850, ó so ìwọ̀n mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ kó sì máa yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú omi, ó wá ń fi tẹ̀mómítà wo bí omi náà ṣe ń gbóná. Ó gbóná lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni, ẹni tí ò ní sùúrù ò lè rí i. Kálórì àti BTU náà jẹ́ òṣùwọ̀n ooru: kálórì 1 jẹ́ jùùlù 4.184, BTU 1 jẹ́ nǹkan bíi jùùlù 1,055, ẹ ìbáà gbà á láti iṣẹ́ lọ sí ooru tàbí láti ooru bọ̀ sí iṣẹ́, iye yẹn ò ní yí padà. (Kálórì tí wọ́n ń kà fún oúnjẹ, 1,000 irú èyí ló wà nínú ẹyọ kan o, ẹ má dà wọ́n pọ̀.)

Àmọ́ orí ìwé nìyẹn. Kí iṣẹ́ di ooru ò ṣòro rárá, ẹ ṣáà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn lásìkò ọyẹ́, ẹ ó rí i. Kí ooru di iṣẹ́ ló le. Kò sí ẹ́ńjìnì kankan láyé tó lè sọ gbogbo ooru tó gbà di iṣẹ́, dandan ni kó da apá kan síta, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Ẹ́ńjìnì dísù kékeré bíi tiyín, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń dé bẹ́líìtì. Lítà 2 jẹ́ mégájùùlù 72, 30 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ 21.6. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 21.5 tọ́mọ yín rí!

Ìyókù ń bá èéfín jáde, òmíràn sì ń wọnú dúrọ́ọ̀mù omi tẹ́ ẹ fi ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Ká ní mégájùùlù 24 nínú 72 yẹn wọnú dúrọ́ọ̀mù tó gba lítà 200. Lítà omi 1 ń gba nǹkan bíi jùùlù 4,186 kó tó fi dígírì 1 gbóná sí i, lítà 200 á gba 837,200, tẹ́ ẹ bá wá fi èyí pín mílíọ̀nù 24, dígírì 28 ó lé díẹ̀ ni. Omi tó wà ní 27 láàárọ̀ á ti máa lọ sí 55 lẹ́yìn wákàtí 1, bí afẹ́fẹ́ ò bá gba díẹ̀ lára ẹ̀. Nínú ọyẹ́, omi ìwẹ̀ ti délẹ̀ nìyẹn.

Tó bá ń jẹ lítà 3 fún iṣẹ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo fílítà afẹ́fẹ́ àti nọ́súlù tó ń fọ́n dísù, kó wò ó bóyá bẹ́líìtì ń yọ̀, kẹ́ ẹ tó fura sẹ́nikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, AC 1 HP ni mo rà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ BTU 9,000 sí páálí ẹ̀, HP 1 sì rèé, BTU 2,545 péré ni ní wákàtí kan. Ṣé wọ́n ń parọ́ fún wa ni? (Oníkọ̀ǹpútà, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, irọ́ kọ́. AC kì í dá òtútù sílẹ̀, ooru inú ilé ló ń rù jù síta, alábàárù ni, oúnjẹ tí alábàárù jẹ kó tó rẹrù kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹrù orí ẹ̀. BTU 9,000 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 2.6, ooru tó ń kó síta nìyẹn, iná tó ń jẹ ò tó ìdajì ẹ̀. HP tí wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ọjà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tó o bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ fún un, wáàtì tí wọ́n kọ sára AC gan-an ni kó o wò, kó o sì fi àyè sílẹ̀ dáadáa, torí nígbà tó bá ń gbéra, á fà ju bẹ́ẹ̀ lọ.